Àmù Tí Àlejò Ń Lúwẹ̀ẹ́ Nínú Rẹ̀

Oòrùn ọ̀sán gangan ń jó ilẹ̀ lókè, àmọ́ ẹni tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì àtẹ̀gùn òkúta yìí kò ní rí oòrùn mọ́. Ooru ọ̀rinrin ló máa kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, irú èyí tó ń rú sí èèyàn lójú tó bá ṣí ìkòkò ẹ̀kọ. Ọ̀nà náà há, ó rí gbágungbàgun, ẹni tó bá ga ní láti tẹ orí ba. Lójijì, ọ̀nà á là sílẹ̀, àwọn tó ń pariwo bọ̀ láti òkè á sì dákẹ́.

Yàrá ńlá abẹ́ ilẹ̀ ni. Òkúta ni àjà rẹ̀, ó sì so rọ̀ wálẹ̀ ní ṣóńṣó-ṣóńṣó bí ọmú ewúrẹ́. Láàrin àjà náà, ihò kan ṣoṣo ló wà, ibẹ̀ sì ni oòrùn gbà wọlé. Ìmọ́lẹ̀ náà dúró ṣánṣán bí òpó láti òkè títí wọ inú omi, ibi tó sì balẹ̀ sí dà bí aró tí wọ́n bu omi là. Àwọn ẹja dúdú kéékèèké ń gba àárín ẹsẹ̀ àwọn tó ti wọ omi kọjá, wọn ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

X'kekén ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ní Dzitnup ló wà, nítòsí ìlú Valladolid, ní ìpínlẹ̀ Yucatán lórílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Lédè àwọn Maya tó ni ilẹ̀ náà, kekén ni ẹlẹ́dẹ̀. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ fún àlejò ni pé lọ́dún kan tí ọ̀dá dá, tí ilẹ̀ gbẹ táútáú, ẹlẹ́dẹ̀ àgbẹ̀ kan sọnù. Nígbà tó padà dé, ẹrẹ̀ tútù ló kún ara rẹ̀. Àgbẹ̀ náà bi ara rẹ̀ pé níbo lèyí ti rí ẹrẹ̀, ó tọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ó sì bá omi.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ẹlẹ́dẹ̀ yìí. A ó pàdé àwọn ẹbí rẹ̀ níwájú.

Ilẹ̀ tí kò ní odò

Ẹni tó bá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ apá àríwá Yucatán síwájú, tó ń wá odò, yóò wá a tì. Kì í ṣe pé òjò kì í rọ̀ níbẹ̀. Òkúta ẹfun ni gbogbo ilẹ̀ náà, ó sì ń jò bí asẹ́. Òjò kì í dúró lójú ilẹ̀ débi tí yóò di odò. Abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà lọ.

Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ṣàlàyé pé bí òjò bá ti gba inú afẹ́fẹ́ àti inú ewé jíjẹrà kọjá, ó máa ń kan díẹ̀. Kíkan rẹ̀ kò tó èyí tí ahọ́n lè mọ̀, àmọ́ òkúta ẹfun mọ̀ ọ́n. Díẹ̀díẹ̀ lomi yìí ń jẹ òkúta láti inú bí kòkòrò ṣe ń jẹ eyín, títí tó fi di ihò, tí ihò sì di ọ̀nà tó gùn lọ rẹrẹẹrẹ lábẹ́ ilẹ̀. Bí àjà ihò bá wá fẹ́lẹ́ jù, a jìn. Ọjọ́ tó bá jìn ni omi abẹ́ ilẹ̀ máa fojú kan oòrùn.

Irú ọ̀gbun olómi bẹ́ẹ̀ ni àwọn Maya ń pè ní ts'onot. Àwọn òyìnbó Sípéènì tó wá gba ilẹ̀ wọn ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún kò lè pè é dáadáa, wọ́n sọ ọ́ di cenote, orúkọ yẹn ló sì mọ́ ọn lórí títí dòní. Òmíràn ṣì ní àjà lórí bíi ti X'kekén. Òmíràn ti jìn ní ẹ̀gbẹ́ kan. Òmíràn ti la gbalaja bí adágún, igi sì yí i ká.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó yẹ kó rú ẹni tó bá fara balẹ̀ lójú. Òkúta tó so rọ̀ láti àjà kò lè hù sínú omi. Omi tó ń kán tó, tó, tó nínú afẹ́fẹ́ ló ń dá a sílẹ̀. Báwo wá ni àwọn òmùwẹ̀ ṣe ń rí i kítikìti nísàlẹ̀ omi? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé nígbà tí yìnyín bo apá tó pọ̀ nínú ayé, òkun fà sẹ́yìn ju 100 mítà lọ sísàlẹ̀ ibi tó wà lónìí, àwọn ihò wọ̀nyí sì gbẹ. Nígbà tí yìnyín yọ́, òkun padà wá, omi abẹ́ ilẹ̀ ru sókè, ó sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Apá àríwá ìwọ̀ oòrùn Yucatán tún ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá sàmì sí àwọn cenote ibẹ̀ lórí àwòrán ilẹ̀, wọ́n tò bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sí okùn, ó rí bí ìlàjì òrùka. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, àpáta ńlá kan já bọ́ láti ojú ọ̀run síbẹ̀, ó sì gbẹ́ kòtò tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi 180 kìlómítà. Òun ni àwọn onímọ̀ sọ pé ó pa àwọn dáínósọ̀ run. Lọ́dún 1978, àwọn tó ń bá ilé iṣẹ́ Pemex wá epo rọ̀bì rí òjìji kòtò náà nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ wọn. Ilẹ̀ ti bò ó mọ́lẹ̀ báyìí, àmọ́ òkúta etí rẹ̀ kò le bíi ti ibòmíràn mọ́, ibẹ̀ sì ni cenote pọ̀ sí.

Nílé ìyá mi àgbà, àmù máa ń wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, ife kan dojú dé lórí ìdérí rẹ̀. Ife yẹn nìkan ló ń wọ inú àmù. Ọmọ tó bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á gbọ́. Èyí ló wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa Yucatán, kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Omi tí àlejò ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ yìí kì í ṣe omi ìgbafẹ́ tí ẹnì kan gbẹ́ sẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì. Òun ni àwọn ìlú ibẹ̀ ń fà mu. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún cenote ló wà, àmọ́ àmù kan ṣoṣo ni. Ẹnu ló pọ̀.

Nígbà tí ojú bá wọ inú omi

Àlejò kò nílò ohun púpọ̀. Ìbojú onígíláàsì kan wà tó máa ń bo ojú àti imú. Ọ̀pá róbà kan náà wà tí wọ́n ń gbẹnu mí sí, tí orí rẹ̀ yọ sókè omi. Wọ́n á tún fún un ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ibi púpọ̀ ni kò sì gbà kẹ́nikẹ́ni wọ omi láìwọ̀ ọ́. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ lókun má ṣe rò pé àbùkù ni. Iyọ̀ òkun ń gbé èèyàn léfòó. Omi òkè cenote kò fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀, kì í gbéni bẹ́ẹ̀.

Omi náà tutù díẹ̀, nǹkan bí ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ọdún dé ọdún. Bí èèyàn bá ti dojú kọ ìsàlẹ̀, ẹ̀rù lè kọ́kọ́ bà á, nítorí omi náà tòrò débi pé ojú kò rí i. Á rò pé òun so rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ ni, lókè ilé gogoro kan tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Òkúta ló ti sẹ́ ẹ, oúnjẹ tí ewé inú omi lè jẹ kò sì pọ̀ nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi ní ìdọ̀tí tàbí èébú aláwọ̀ ewé.

Ní Dos Ojos nítòsí ìlú Tulum, orúkọ tó túmọ̀ sí ojú méjì, ẹnu ihò méjì ló sún mọ́ra bí ojú tó ń wo òkè. Àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ lójú omi á máa tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ẹni tó ń ṣamọ̀nà wọn lọ sábẹ́ àjà, àdán á máa fò lókè orí wọn. Lábẹ́ wọn, àwọn òmùwẹ̀ tó gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn á máa kọjá lọ, afẹ́fẹ́ á sì máa hó jáde lẹ́nu wọn.

Ẹni tó bá mòòkùn lọ sísàlẹ̀ yóò rí ohun tí ẹni ojú omi kò lè rí. Omi òkun máa ń yọ́ wọ abẹ́ ilẹ̀ láti etíkun, omi òjò sì ń léfòó lórí rẹ̀ bí epo ṣe ń léfòó lórí omi ọbẹ̀. Níbi tí àwọn méjèèjì ti pàdé, gbogbo nǹkan á dàrú lójú, bí ìgbà téèyàn wo nǹkan láti òdìkejì iná tó ń jó. Ní cenote Angelita, kùrukùru funfun kan tẹ́ pẹrẹsẹ ní nǹkan bí 30 mítà sísàlẹ̀, ẹ̀ka igi sì yọ jáde láàrin rẹ̀. Gáàsì tó ń tú jáde lára ewé àti igi jíjẹrà ló dá kùrukùru yẹn sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà abẹ́ omi wọ̀nyí ti pa èèyàn. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ pin sí, wọ́n máa ń gbé pátákó ìkìlọ̀ sí, Ikú fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì yà sára òmíràn pé kí òmùwẹ̀ padà. Àwọn tí wọ́n kọ́ láti kọjá ibẹ̀ ní òfin kan tí wọn kì í rú: ìdá mẹ́ta ni wọ́n ń pín afẹ́fẹ́ inú àgbá sí. Ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kẹta fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀. Ní tèmi, ojú omi tó mi.

Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í wẹ̀

Cenote tó lórúkọ jù kò gba òmùwẹ̀ rárá. Ní Chichén Itzá ló wà, ìlú àtijọ́ tí orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ túmọ̀ sí ẹnu kànga àwọn Itzá. Ẹnu cenote náà fẹ̀ tó 60 mítà, ògiri rẹ̀ ga ju 20 mítà lọ kí ojú tó kan omi. Ìlú yẹn ní cenote mìíràn, Xtoloc, tí wọ́n ń pọn mu. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ti Chaac, òrìṣà òjò. Àwọn Maya mọ ìyàtọ̀ láàrin omi mímu àti ojúbọ, wọn kò sì dà wọ́n pọ̀.

Bíṣọ́ọ̀bù Diego de Landa, ará Sípéènì, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún pé wọ́n máa ń ju èèyàn sínú omi náà nígbà ọ̀dá. Lọ́dún 1904, Edward Thompson, ará Amẹ́ríkà tó ti ra ilẹ̀ Chichén Itzá, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ wa ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó kó wúrà, òkúta iyebíye aláwọ̀ ewé, oje igi olóòórùn dídùn àti egungun èèyàn jáde. Púpọ̀ nínú ẹrù náà lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Peabody ní Yunifásítì Harvard. Díẹ̀ ti padà sí Mẹ́síkò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń sọ fún àlejò pé àwọn wúńdíá ni wọ́n ń jù síbẹ̀. Àwọn tó yẹ egungun náà wò bá ti ọkùnrin, bá ti obìnrin, bá ti ọmọdé.

Bí àlejò bá ti wo ibẹ̀ tán, Ik Kil ni bọ́ọ̀sì ń gbé e lọ, kò ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta lọ. Ibẹ̀ ni yóò ti rí omi bọ́ sí, láàrin gbòǹgbò igi tó so rọ̀ láti òkè dé ojú omi bí irun àgbà obìnrin tó tú irun sílẹ̀. Èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀ lọ́sàn-án débi pé títò ni wọ́n ń tò láti bẹ́ sínú omi. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìró omi kó tètè dé.

Ọmọbìnrin tó lọ wá omi

Lọ́dún 2007, àwọn òmùwẹ̀ mẹ́ta tó ń ya àwòrán ọ̀nà abẹ́ omi nítòsí Tulum dé ibi tí ilẹ̀ abẹ́ wọn ti pin lójijì. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sísàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kò kan ohunkóhun. Hoyo Negro ni wọ́n sọ ibẹ̀, ihò dúdú. Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n bá egungun àwọn ẹranko tí kò sí láyé mọ́, títí kan ìbátan erin àti ẹkùn eléyín gígùn. Wọ́n bá agbárí èèyàn pẹ̀lú.

Ọmọbìnrin ni, kò ju ọmọ ọdún 15 tàbí 16 lọ, wọ́n sì sọ ọ́ ní Naia. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2014 fi hàn pé ó ti lé ní 12,000 ọdún tó ti wà níbẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tó tíì pẹ́ jù tí wọ́n rí egungun wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà ayé rẹ̀, ihò náà gbẹ. Èrò àwọn onímọ̀ kan ni pé omi ló lọ wá nínú òkùnkùn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi yẹ̀ ní etí ọ̀gbun. Egungun ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́.

Hoyo Negro jẹ́ ara ọ̀nà omi abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sac Actun. Lóṣù Kìíní ọdún 2018, àwọn òmùwẹ̀ kéde pé àwọn ti rí ibi tí Sac Actun àti ọ̀nà Dos Ojos ti so pọ̀. Àpapọ̀ gígùn rẹ̀ nígbà náà jẹ́ 347 kìlómítà. Ẹni tó bá da nǹkan sílẹ̀ sí òpin kan, kó má ṣe yà á lẹ́nu bí ó bá yọ ní òpin kejì.

Àwọn ẹbí ẹlẹ́dẹ̀

Homún jẹ́ ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Mérida, olú ìlú Yucatán, orí òrùka cenote gan-an ló sì wà. Níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bíi Márúwá wa ló ń kó àlejò láti cenote kan sí òmíràn. Ẹni tó ni ilẹ̀ ń gba owó ẹnu ọ̀nà, ìyàwó rẹ̀ ń ta oúnjẹ, ọmọ rẹ̀ ń fi ọ̀nà han àlejò. Òfin Mẹ́síkò sọ pé omi jẹ́ ti orílẹ̀-èdè, nítorí náà etí ihò ló jẹ́ tiwọn, kì í ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun.

Ní nǹkan bí ọdún 2017 ni ọ̀rọ̀ oko ọ̀sìn ẹlẹ́dẹ̀ kan dé etí wọn. Àwọn kan fẹ́ kọ́ ọ síbẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ 49,000 ni yóò sì gbà. Ẹ fi ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ 49,000 ro ó, lórí ilẹ̀ tó ń jò bí asẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọn kì í gbẹ́ ṣaláńgá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Àwọn ará Homún náà mọ̀ ọ́n, ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tó dìbò sì sọ pé àwọn kò fẹ́. Nígbà tí oko ọ̀sìn náà ṣí síbẹ̀síbẹ̀, àwọn ọmọdé ìlú náà ni wọ́n fi orúkọ wọn pe ẹjọ́, nítorí àwọn ni yóò mu omi náà pẹ́ jù. Lọ́dún 2018, adájọ́ dá iṣẹ́ ibẹ̀ dúró. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Mẹ́síkò fọwọ́ sí i pé kó ṣì wà ní dídúró.

Àwọn kan wà tó rò pé àwọn ará Homún ṣàṣejù. Ẹlẹ́dẹ̀ ń mówó wọlé, wọ́n ní, ó sì ń pèsè iṣẹ́, àlejò ń wá lónìí, ó lè má wá lọ́la. Òótọ́ wà nínú ẹ̀. Àmọ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ṣeé sìn níbòmíràn. Omi tó ti bàjẹ́ lábẹ́ òkúta, ta ni yóò bọ́ sílẹ̀ lọ fọ̀ ọ́?

Ẹlẹ́dẹ̀ nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Ní Mérida fúnra rẹ̀, ìdọ̀tí ọ̀pọ̀ ilé, ihò abẹ́ ilẹ̀ ló ń lọ. Ní apá Cancún àti Tulum, òtẹ́ẹ̀lì ń hù lójoojúmọ́, ohun tí àlejò òtẹ́ẹ̀lì sì ń ṣe nílé ìgbọ̀nsẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ibì kan lọ. Omi abẹ́ ilẹ̀ kì í dúró sójú kan. Òkun ló ń ṣàn lọ, níbi tí iyùn àti ẹja ń gbé.

Ọkọ̀ ojú irin náà tún dé. Ojú ọ̀nà Tren Maya gùn ju 1,500 kìlómítà lọ, ó yí gbogbo àgbègbè náà ká. Láàrin Cancún àti Tulum, títì ńlá ló yẹ kó tọ̀. Lọ́dún 2022, ìjọba yí i gba inú igbó, lórí àwọn ihò náà. Nítorí kí ilẹ̀ má bàa jìn lábẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé e sórí òpó irin, wọ́n sì kan àwọn òpó náà wọ inú ilẹ̀ lọ. Àwọn òmùwẹ̀ wọ abẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì ya àwòrán òpó tó gún àjà ihò já, tó dúró láàrin omi tó tòrò. Ìjọba ní ọkọ̀ náà yóò gbé ọrọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè náà tí wọ́n ti pa tì látọjọ́ pípẹ́, àwọn ará abúlé kan sì gbà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ti ń rìn níbẹ̀ báyìí. Òpó irin ọ̀hún kò ṣeé fà yọ.

Ẹ wẹ̀ kí ẹ tó lúwẹ̀ẹ́

Ohun tí àwọn tó ń tọ́jú cenote ń bẹ àlejò fún kò pọ̀. Kó tó wọ omi, kó kọ́kọ́ dúró sábẹ́ omi ìwẹ̀ tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́, kó fọ òógùn, òróró àti lọ́fínńdà kúrò lára. Kó má fi ìpara tó ń dènà oòrùn sára. Aṣọ alápá gígùn tó fẹ́lẹ́ yóò ṣe iṣẹ́ kan náà. Kó má fọwọ́ kan òkúta tó so rọ̀, nítorí òróró ọwọ́ èèyàn máa ń ba ojú rẹ̀ jẹ́. Kó má sì bẹ́ sínú omi níbi tí wọ́n bá kọ ọ́ sí pé kò gbọdọ̀ bẹ́.

Àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ a máa ráhùn pé àlejò máa ń rẹ́rìn-ín sí ti àkọ́kọ́ yìí, wọ́n á ní báwo lèèyàn ṣe máa wẹ̀ kó tó lọ wẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ síbẹ̀, ẹ má ṣe dúró kí wọ́n tó sọ fún yín lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó ń gbé lókè omi náà ń fà á mu.